Àpótí Tí Ń Gbèsì: Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí Ẹ̀ka Wa Ní Rédíò Tirẹ̀

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa sọ rédíò, orúkọ náà sì bá a mu. Nígbà tí Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1935, àpótí kan ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà nílé kò lè dá a lóhùn. Ó ń sọ, ẹ ń gbọ́, ó tán síbẹ̀. Àpótí mìíràn ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, èyí tí ń gbèsì. A fẹ́ kí ẹ̀ka wa ní irú rẹ̀. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí ní Àgọ́ Aláyé.

Àgọ́ Aláyé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, nítòsí Ọ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ kòkó àti ọ̀pẹ. Iṣẹ́ ìwádìí ló gbé wa débẹ̀: a fẹ́ gba ìtàn àti orin iṣẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Àwa mẹ́sàn-án ni. Mẹ́rin dúró sí Ọ̀rẹ̀ níbi tí a gba yàrá sí, márùn-ún wọ Àgọ́ Aláyé lọ láti sùn níbẹ̀ ní alẹ́ méjì.

Òjò rọ̀ ní òru kejì, atẹ́gùn wó igi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo fóònù ti dákẹ́. Káàdì ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ní láàárín ara wa, kò sí èyí tó mú ìlà kan ṣoṣo. Kò tilẹ̀ ya àwọn ará ibẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní bí òjò bá ti lágbára, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, bó bá di ọ̀la tàbí ọ̀tunla yóò padà.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀kan nínú wa tó ní ásímà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Ínhélà rẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ilé gbé e jókòó síbi tí atẹ́gùn wà, wọ́n tú aṣọ lára rẹ̀, wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kó mí díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin kan nínú wa gun orí ọkọ̀ gẹdú tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó na fóònù sókè bí ẹni ń tọrọ òjò. Pàbó ló já sí. Níkẹyìn, a ya ojú ìwé kan nínú ìwé tí a fi ń kọ orin sílẹ̀, a kọ ọ̀rọ̀ sí i, a fi lé ọlọ́kadà lọ́wọ́. Ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta kí ó tó padà dé pẹ̀lú ínhélà.

Ó yè. Ó wà lára àwa tí a ń kọ èyí, òun gan-an ló sì ní kí a kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Bàbá kan tó jókòó tì wá lọ́jọ́ náà bi wá ní ìbéèrè kan tí ó tì wá lójú: "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ṣé fóònù nìkan ni ẹ mọ̀ tí ẹ fi ń pe ara yín?"

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, fóònù nìkan ni. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, wọn kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wa. A kò bá ìgbà mìíràn láyé.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ abúlé kan nìyẹn. Rárá o. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Láti Èkó dé Accra, íntánẹ́ẹ̀tì rọ, iṣẹ́ báǹkì sì dojú rú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní Borno, Yobe àti Adamawa ní 2013. Ohun tó fà á yàtọ̀ síra, ibi tí gbogbo rẹ̀ já sí kò yàtọ̀: ẹni tó ń ké kò rí ẹni gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ kó tètè yé ará Ọ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1967, ọmọ ogun Biafra gba Benin, wọ́n sì tẹ̀ síwájú títí dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ti di ọ̀rọ̀ ẹnu. Oríta ni ìlú náà: Èkó lápá kan, Benin lápá kejì, Oǹdó lókè, Òkìtìpupa nísàlẹ̀. Ohun tó bá dí oríta yóò kan gbogbo wa. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Kí ló wà nínú àpótí?

Amateur radio ni òyìnbó ń pè é, àwọn tó ń ṣe é sì ń pe ara wọn ní hámù. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ rédíò, kì í ṣe iṣẹ́ owó. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ìjọba ni yóò ní orúkọ orí afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ti Nàìjíríà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Benin pẹ̀lú TY, ti Togo pẹ̀lú 5V. Nigeria Amateur Radio Society ni ẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ wa. Kò sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín hámù méjì. Kò sí káàdì, kò sí dátà. Rédíò kan ń bá rédíò kejì sọ̀rọ̀ tààrà.

Wọ́n ti fi ṣe iṣẹ́ ńlá rí. Ní 26 oṣù Kejìlá 2004, nígbà tí omi òkun ya wọ erékùṣù Andaman ní Íńdíà, obìnrin hámù kan, Bharathi Prasad, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà ní Port Blair pẹ̀lú rédíò wọn. Eré rédíò ló gbé wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n di ẹnu àti etí fún àwọn tí kò gbúròó ẹbí wọn. Ní 2017, lẹ́yìn tí ìjì Maria ba Puerto Rico jẹ́, Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Amẹ́ríkà ní kí ẹgbẹ́ àwọn hámù wá àádọ́ta ènìyàn fún un. Àwọn tó lọ gbé rédíò wọn dání nínú àpótí.

Àpótí náà kò le bí a ti rò. A gba àpótí ike líle tí omi kò lè wọ̀, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń kó irin iṣẹ́ sí. Nínú rẹ̀ ni rédíò kékeré yóò wà, bátìrì lithium, ṣájà sólà, fíúùsì, gbohùngbohùn, wáyà ẹ́ríà àti ìwé kékeré tí a ó máa kọ ìpè sí. A de gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà máa mì lórí ọ̀kadà. Fíúùsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì, nítorí bátìrì lithium tí wáyà rẹ̀ bá gbá ara wọn lè dáná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rù. Rédíò kan tí a yẹ ìwé rẹ̀ wò, Xiegu G90, ń lo ìdajì ampere nígbà tó bá ń gbọ́, kì í sì ju ampere 8 lọ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ní agbára wáàtì 20. Ká ní nínú wákàtí kan, a fi ìṣẹ́jú 48 gbọ́, a fi 12 sọ̀rọ̀. Gbígbọ́ jẹ 0.4, sísọ jẹ 1.6, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ampere-wákàtí 2. Bátìrì 20 yóò gbé e fún wákàtí 10. Bí a kò bá fẹ́ fa bátìrì gbẹ, ká pè é ní 8. Páálí sólà wáàtì 100 lè dá a padà kún ní ọjọ́ kan tí oòrùn bá ràn dáadáa. Ní apá gúúsù Oǹdó, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti lo ọdún pípẹ́ láìrí iná mànàmáná, ìṣirò yìí kì í ṣe eré.

Ẹ́ríà ni ọkàn iṣẹ́ náà. Lórí ìgbì 7 MHz, wáyà bàbà méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà 10, tí a nà sọ́tùn-ún àti sósì láti orí ọ̀pá ọparun. Àwọn tó fẹ́ bá òkèèrè sọ̀rọ̀ máa ń gbé e ga fíofío. Ní tiwa, a kò ní jẹ́ kó ga ju mítà 4 tàbí 5 lọ. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn yóò gba òkè lọ, yóò kan ojú sánmà, yóò sì wálẹ̀ bí òjò sórí gbogbo ilẹ̀ tó yí wa ká fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Igi kò lè dí i, òkè kò lè dí i. Àkúrẹ́, Benin, Ìbàdàn àti Èkó, kò sí èyí tó tó 200 kìlómítà sí Ọ̀rẹ̀ bí ẹyẹ bá fò. Ní ọ̀sán, 7 MHz ló dára. Ní alẹ́, ìgbì yẹn máa ń fo ẹni tó wà nítòsí lọ sọ́nà jíjìn, a ó sì sọ̀kalẹ̀ sí 3.5 MHz pẹ̀lú wáyà tó gùn ní ìlọ́po méjì. Bí àrá bá ń sán, a ó yọ ẹ́ríà kúrò lára rédíò, a ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ǹjẹ́ àpótí yìí ìbá ti gbà wá ní Àgọ́ Aláyé? Òtítọ́ ni kí a sọ: ọ̀kan ṣoṣo kò lè gbà wá, nítorí àpótí kan kò lè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà ní Ọ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní tiwọn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ ní àkókò tí a ti dá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé méjì ni kí ẹ̀ka wa ní, kí ìwé àdéhùn sì wà nípa aago tí a ó máa pe ara wa. Bó bá jẹ́ pé a ní méjì lọ́jọ́ náà, ìdajì wákàtí mẹ́ta yẹn ni à bá fi dúró: ínhélà ìbá ti máa bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀, ọlọ́kadà kò sì ní kọ́kọ́ lọ kó tó bọ̀.

Kí ló kan ọmọ ẹ̀ka Yorùbá?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀rẹ́ wa kan láti ẹ̀ka ẹ̀rọ bi wá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn wa rèé.

Nígbà tí ohùn kò bá já gaara, Mọ́ọ̀sì ni àwọn hámù ń lò, àmì kúkúrú àti àmì gígùn tí ń dún píp, píp. Ó máa ń la ariwo kọjá níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ti lè là á. Ṣùgbọ́n Mọ́ọ̀sì kò mọ ohùn Yorùbá. Ẹ wo gbólóhùn yìí bí yóò ṣe dé etí ẹni tó ń gbọ́: ENI META KU. Ṣé ẹni mẹ́ta *kú* ni, àbí ẹni mẹ́ta *kù*? Ọ̀kan ní kí a gbé pósí wá, èkejì ní kí a gbé ọkọ̀ wá kó àwọn tó ṣẹ́kù. Àmì ohùn tí àwọn kan ń pè ní ìyọnu nínú ìdánwò, òun ni ìyàtọ̀ láàárín ikú àti ìyè níbí.

Ọ̀rọ̀ yìí mú wa rántí ìlù. Dùndún ní ohùn, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Mọ́ọ̀sì ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní ohùn. Àyàn kò sì jẹ́ kí àìní yẹn dá òun dúró: kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lásán, ó máa ń fi gbólóhùn tí etí ti mọ̀ tì í lẹ́yìn títí tí ìtumọ̀ kan ṣoṣo yóò fi kù. Ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi Mọ́ọ̀sì sọ pé ẹni mẹ́ta kù, kó sọ pé ẹni mẹ́ta wà láàyè. Bí kò bá sí àyè fún gígùn, kó fi dò, rè, mí parí ọ̀rọ̀: KU D fún kù, KU M fún kú. Fún ẹ àti ọ, a lè yá àmì tí Mọ́ọ̀sì ti ní fún É àti Ö àwọn òyìnbó.

Títò lẹ́tà lórí afẹ́fẹ́ náà ńkọ́? Alfa, Bravo, Charlie ni gbogbo ayé ń lò, kò sì sí ẹ, ọ, ṣ tàbí gb níbẹ̀. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwa: B bí Bàtá, D bí Dùndún, E bí Ewúrẹ́, Ẹ bí Ẹja, G bí Gèlè, GB bí Gbẹ̀du, O bí Odò, Ọ bí Ọsàn, S bí Sálúbàtà, Ṣ bí Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Láti ìpàdé Èkó ti 1875 ni àwọn àgbà ti ń jà fún bí a ó ṣe kọ èdè yìí sórí ìwé. Bí a ó ṣe kọ ọ́ sórí afẹ́fẹ́ kù sọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ̀ka ẹ̀rọ kò ní bá wa ṣe é.

Àwọn tó ń takò wá

Wọ́n ní Starlink ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní 2023, kí la tún fẹ́ fi rédíò ṣe? Bí ẹnì kan bá rà á fún wa, a ó fi ìdùnnú gbà á. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ló ni ín, owó oṣooṣù ń bẹ níbẹ̀, ó sì ń jẹ iná ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ju rédíò tó ń gbọ́ lásán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà; ẹ jẹ́ ká ní méjì.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kò ní ìlẹ̀kùn, gbogbo ayé ni yóò gbọ́ wa. Òtítọ́ ni. Òfin àgbáyé kò fẹ́ kí hámù fi àṣírí bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, nítorí náà àmì tí a bá yàn fún Yorùbá gbọ́dọ̀ wà níta gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Orúkọ aláìsàn kò yẹ kó dé orí rédíò láìnídìí.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ààbò. Ọmọ ogún ọdún gbé àpótí dúdú tí wáyà àti bátìrì kún inú rẹ̀, ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin, níbi tí ọkàn gbogbo ènìyàn ti gbóná nítorí ajínigbé. Kí ni ṣọ́jà tó wà níbi àyẹ̀wò yóò rò? A kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ìwé àṣẹ ṣáájú àpótí. Kí a má gbé rédíò jáde rárá láìní orúkọ tí ìjọba fún wa. Kí ideri rẹ̀ jẹ́ èyí tí a lè rí inú rẹ̀. Kí lẹ́tà ẹ̀ka wà nínú rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ kí Baálẹ̀ ibi tí a ń lọ, kí a sì jẹ́ kí ọlọ́pàá ibẹ̀ mọ̀ wá kí a tó na wáyà kankan sókè.

Owó rẹ̀ náà kò kéré, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àwa kan náà ni a ń dá owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́dọọdún.

Ẹ̀bẹ̀ wa

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹnì mẹ́ta péré la ń wá tí yóò kọ́kọ́ kàwé fún ìwé àṣẹ pẹ̀lú wa. Kì í ṣe owó la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ìmọ̀ ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, bí hámù bá wà nínú yín, ní Nàìjíríà tàbí lókè òkun, ẹ wá kọ́ wa. Bí ẹ bá ní rédíò tó ń sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ rántí wa. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí títò lẹ́tà Yorùbá fún orí afẹ́fẹ́ di iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún ẹnì kan lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwa yóò padà sí Àgọ́ Aláyé lẹ́yìn ìdánwò, nítorí orin tí a lọ gbà kò tíì parí. Ojú ìwé tí a ya fún ọlọ́kadà ló gbé ìdajì orin kan lọ. Bàbá tó bi wá léèrè ṣì wà níbẹ̀. A fẹ́ gbé àpótí síwájú rẹ̀, kí a pe Ọ̀rẹ̀, kí Ọ̀rẹ̀ sì jẹ́ wa lóhùn. A ó ní kó sọ ọ́ lórúkọ, nítorí asọ̀rọ̀mágbèsì kò bá èyí mu mọ́.